Ta Ni Ìkéde Ń Bá Sọ̀rọ̀? Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo àti Ìpolówó Rẹ̀ láti Ọdún 1950

Ìfáárà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kì í rìn lójú pópó kí ó má gbé ìpolówó kan dání. Lára nọ́ńbà ọkọ̀ náà ni a ti ń ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí pé ìpínlẹ̀ omi ìyè ni ọkọ̀ ti wá. Èmi alára ti wà lẹ́yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìbàdàn àìmọye ìgbà kí n tó ronú kan ohun tí mò ń kà. Ní nǹkan bí ọdún 2021 sí 2022, ìkéde mìíràn jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ kan náà: kí ará ìlú yé mu omi odò Ọ̀ṣun, nítorí pé ìwakùsà góòlù lápá òkè odò ti bà á jẹ́. Ìkéde méjì ni èyí lórí omi kan ṣoṣo. Èkíní ní kí a wá, èkejì ní kí a ṣọ́ra. Ẹni tí ó bá lọ sí etí odò náà lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun yóò rí i pé èkíní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́. Wọ́n ń bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì àti ike, wọ́n ń fi bọ́jú, àwọn mìíràn sì ń mu ún.

Ohun tí ó fa èyí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ wádìí. Kò sí pé àwọn onímọ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ lórí Ọ̀ṣun. Ìwé Diedre Badejo (1996) yẹ ìtàn àti àṣírí agbára òrìṣà náà wò. Èyí tí Joseph Murphy àti Mei-Mei Sanford ṣe olóòtú rẹ̀ (2001) tọ Ọ̀ṣun lẹ́yìn kọjá òkun dé Bùràsíìlì, Kúbà àti Amẹ́ríkà. Peter Probst (2011) sì jẹ́ kí a rí bí ère, òrìṣà àti owó ṣe lọ́ mọ́ra wọn nínú ọ̀rọ̀ ohun àjogúnbá Òṣogbo. Ṣùgbọ́n etí tí ó ń gbọ́ ìpolówó kò tíì rí àyè tí ó tó nínú ìjíròrò wa. A máa ń béèrè ohun tí ìjọba tàbí àjọ kan sọ nípa igbó náà. A kì í sábà béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá, èdè tí a fi sọ ọ́, àti ohun tí ẹni náà ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé etí rẹ̀.

Ẹja gẹ́gẹ́ bí ikọ̀

Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Òṣogbo fúnra rẹ̀ jẹ́ ìtàn iṣẹ́ tí a rán àti iṣẹ́ tí a gbà. Lárọ́òyè àti Olútìmẹ́hìn, tí wọ́n ti Ìpólé wá nítorí ọ̀dá omi, gé igi kan, igi náà wó sínú odò, ohùn sì jáde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró onílé. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìlú náà gbọ́ láti ẹnu Ọ̀ṣun, ẹ̀sùn ni. Lẹ́yìn náà ni àdéhùn tó wáyé: kí àwọn ènìyàn sún sókè díẹ̀, kí wọ́n fi igbó etí odò sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, kí òun náà sì máa dáàbò bò wọ́n. Nígbà tí ọba rúbọ, ẹja ni ó jáde wá jẹ́ ẹ pé ẹbọ ti fín. Ọwọ́ tí ọba tẹ́ láti gba ẹja yìí ni ó di orúkọ oyè, Àtáọ́ja, títí di òní. Ẹja odò Ọ̀ṣun jẹ́ ikọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í pẹja níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í jẹ ikọ̀ tí a rán sí i.

Mo tẹnu mọ́ ìtàn yìí nítorí pé ó fi irú ìkéde tí ó ti wà ṣáájú ìpolówó ìgbàlódé hàn wá. Ìkéde náà ní ìhà méjì: ó ṣèlérí, ó sì fòfin lélẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn ogun Òṣogbo ti nǹkan bí ọdún 1840 rí, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin lẹ́bàá ìlú náà. Àwọn àgbà Òṣogbo a máa sọ pé Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ni ó gbé ẹ̀fọ́ yánrin jáde gẹ́gẹ́ bí olóúnjẹ, tí ó tà á fún àwọn ọ̀tá, tí inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n. Òpìtàn tí ó bá ń wá ìdí ìṣẹ́gun náà yóò kọ́kọ́ wo ọgbọ́n ogun àwọn balógun Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìtàn náà ṣe láàárín ìlú ṣe pàtàkì: ó sọ Ọ̀ṣun di ti gbogbo ọmọ Òṣogbo, yálà wọ́n ń bọ ọ́ tàbí wọn kò bọ ọ́. Láìsí irú ìtàn báyìí, yóò ṣòro láti ṣàlàyé bí Àtáọ́ja tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ṣe ń jókòó ní ojúbọ lọ́dọọdún láìsí pé ìlú rí i bí ohun àjèjì.

Àwọn tí ìkéde àtijọ́ yìí ń bá sọ̀rọ̀ ti mọ̀ pé àwọn ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Bí Ìwọ́pópó bá ti wáyé, tí a ti tún ojú ọ̀nà ààfin ṣe, tí a sì tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, kò sí ọmọ ìlú tí ó nílò ìwé ìléwọ́ kí ó tó mọ̀ pé ọjọ́ tí Arugbá yóò gbé igbá lọ sí odò ti ń súnmọ́. Ìròyìn kò wá àlejò rárá. Bí àlejò bá wá, onílé ni yóò mú un wọlé, onílé náà ni yóò sì sọ ohun tí a kì í ṣe níbẹ̀ fún un.

Sìmẹ́ǹtì tí ń sọ̀rọ̀

Nígbà tí Susanne Wenger dé Nàìjíríà ní ọdún 1950 pẹ̀lú Ulli Beier, ìkéde àtijọ́ yìí ti ń pàdánù etí. A bí Wenger ní Graz ní ilẹ̀ Austria ní ọdún 1915. Ó gbé ní Ìbàdàn, Ẹdẹ àti Ìlobùú kí ó tó fìdí múlẹ̀ sí Òṣogbo, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń pè é ní Àdùnní Olóòrìṣà títí ó fi kú ní oṣù kìíní ọdún 2009. Ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn àti igbó ti gba apá kan igbó Ọ̀ṣun fún ìdánwò irúgbìn; wọ́n ń gé igi, àwọn ọdẹ àti apẹja ń wọlé, àwọn olè sì ń jí ère ojúbọ kó lọ tà fún àwọn oníṣòwò ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn àwòrò ń dín kù. Ẹni tí ó wọ igbó láti gé igi kò ṣe aláìgbọ́ èèwọ̀ ibẹ̀ o. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n èèwọ̀ náà kò bà á lẹ́rù mọ́.

Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojúbọ kọ́. Adébísí Àkànjí jẹ́ bíríkìlà kí ó tó di ayàwòrán onísìmẹ́ǹtì. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta àti igi. Kàsálì Àkàngbé Ògún ń gbẹ́gi. Ère wọn ga, ọ̀pọ̀ nínú wọn ga ju ilé lọ, ẹnu wọn yà, apá wọn nà jáde sínú igbó. A ti kọ púpọ̀ nípa ẹwà iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n lójú tèmi, iṣẹ́ ìkéde ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ògiri tí Àkànjí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ yí igbó náà ká ń sọ fún ọdẹ pé ibi tí ilẹ̀ ti di ti onílẹ̀ nìyí. Ère ńlá tí a gbé kalẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbin igi títà ń sọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba pé ilé kò ṣófo. Ohun tí ẹnu àwòrò kò lè ṣe mọ́, sìmẹ́ǹtì ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí ère náà kọ́kọ́ sọ fún ará ìlú ni pé, "Má wọlé."

Ṣùgbọ́n ère kan náà ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn fún ẹlòmíràn. Beier, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, kọ̀wé lórí ọdún Ọ̀ṣun àti lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá fún àwọn tí ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, nílé àti lókè òkun. Ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ Wenger jáde ní ọdún 1975. Ní ọdún 1962, òun àti Dúró Ládípọ̀ dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbẹ̀ ni orúkọ ìlú náà sì ti di ohun tí àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ ọnà ń dárúkọ ní ìlú Bẹ̀lín àti Lọ́ńdọ̀nù. Fọ́tò ère ń rìn lọ síbi tí odò kò lè dé. Ẹni tí ó rí fọ́tò náà ní ìlú òyìnbó kò gbọ́ "má wọlé" rárá. Ohun tí ó gbọ́ ni pé ibì kan wà tí ó yẹ kí òun lọ fi ojú rí.

Níhìn-ín ni ìkéde ti pín sí méjì. Kì í ṣe ẹ̀bi Wenger tàbí Beier nìkan, n kò sì gba ti àwọn tí ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé àlejò méjì ni ó ta òrìṣà fún ayé. Láìsí iṣẹ́ wọn, bóyá ọgbà igi ni à bá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Síbẹ̀, láti ìgbà náà, ìlérí àti èèwọ̀, tí wọ́n ti jọ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹja àti ọba, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlérí wọ ọkọ̀ òfúrufú. Èèwọ̀ jókòó sílé.

Ìjọba, àjọ àgbáyé àti èdè wọn

Ọ̀nà tí ìjọba gbà bọ́ sí ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti tò. Ní ọdún 1965, a kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992, ọdún kan lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ìkéde náà gbòòrò dé gbogbo igbó, tí ó tó hẹ́kítà 75. Ní ọdún 1992 yìí kan náà ni òfin dá àjọ tí ń mójú tó ìdàgbàsókè ìrìn-àjò afẹ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2005, níbi ìpàdé tí ó wáyé ní Durban, UNESCO fi igbó náà sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Sukur tí ó wọlé ní ọdún 1999 nìkan ni ó ṣáájú rẹ̀ láti Nàìjíríà.

Ohun tí a kò máa ń sọ ni pé nínú ọ̀rọ̀ UNESCO fúnra rẹ̀, ìkìlọ̀ wà. Àkọsílẹ̀ náà ní jíjẹ́ tí ibẹ̀ jẹ́ mímọ́ ni ó sọ ọ́ di ohun iyì, pé mímọ́ náà yóò dúró níwọ̀n ìgbà tí àwọn ènìyàn bá ń bọ̀wọ̀ fún un, àti pé ohun tí ó lè ba igbó náà jẹ́ ni ìlò àlòjù àti ọ̀pọ̀ àlejò. Ìyẹn ni pé ìwé tí a fi ń polówó ibẹ̀ sọ pé ìpolówó lè jẹ́ ewu. Mo ti wo ìwé ìléwọ́ àti pátákó ọdún Ọ̀ṣun lóríṣiríṣi láti ìgbà náà. Mo rí orúkọ UNESCO lára wọn lọ́pọ̀ ìgbà. N kò tíì rí ìkìlọ̀ yẹn lára ọ̀kan.

Èdè tún dá kún un. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ ara nọ́ńbà ọkọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé UNESCO, Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn àjọ ìrìn-àjò afẹ́ ń tẹ̀ jáde. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì dé inú Yorùbá, kì í dé ní òfìfo. Ẹ jẹ́ kí a wo "omi ìyè". Ní etí ẹni tí ó dàgbà sínú ìjọ, inú Ìhìnrere Jòhánù ni gbólóhùn náà ti wá, níbi tí Jésù ti ń bá obìnrin Samáríà sọ̀rọ̀ lẹ́bàá kànga. Ní etí ọmọ Ọ̀ṣun, ohun tí ó ń mọ̀ lójoojúmọ́ ni: omi tútù tí a fi ń wẹ ọmọ, tí àgàn ń mu kí ó lè finú soyún, tí a ń bù lọ sílé fún aláìsàn. Òṣìṣẹ́ tí ó yan gbólóhùn náà fún ìpínlẹ̀ lè má rò ju orísun omi àti ìsun omi òkè lọ. Ṣùgbọ́n ó ti fi òǹtẹ̀ ìjọba lu ìgbàgbọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìmọ̀. Nígbà tí ìjọba mìíràn dé lẹ́yìn ọdún 2010 tí ó sì fi "Ìpínlẹ̀ Ọmọlúàbí" rọ́pò rẹ̀, omi ìyè kò kúrò lọ́kàn ènìyàn, kò sì kúrò lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀.

Ìpolówó tí ó ní èrè jù lọ ní èdè Yorùbá kò ti ọwọ́ ìjọba wá. Fíìmù *Arugbá* tí Túndé Kèlání ṣe, tí ó jáde ní ọdún 2008, ni ó mú ọ̀rọ̀ náà, arugbá, wọ ilé àwọn tí kò dé Òṣogbo rí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ mọ arugbá gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́mọbìnrin tí a ń wò lójú fíìmù kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ru ẹbọ ìlú. Àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àti ti ọlọ́tí tí wọ́n ń ṣe agbátẹrù ọdún náà tún wá pẹ̀lú agbòòrùn, fìlà àti gbohùngbohùn. Èyí mú kí ìmọ̀ àwùjọ kún, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọjọ́ kan ni. Ọdún Ọ̀ṣun gba ọjọ́ 12. Ìpolówó sì dá lé ọjọ́ tí ó kẹ́yìn jù lọ. Ọjọ́ 353 tí ó kù nínú ọdún, tí igbó wà ní ìdákẹ́jẹ́, tí èèwọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ jù, kò ní agbátẹrù.

Ìkìlọ̀ tí ó bá ìlérí nílẹ̀

Pẹ̀lú gbogbo èyí lẹ́yìn wa ni a fi lè padà sí ìkìlọ̀ ọdún 2021 sí 2022. Omi Ọ̀ṣun ti pọ́n bí ẹrẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn èròjà olóró bí òjé àti mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ń wa góòlù ní agbègbè Iléṣà ni gbogbo ènìyàn tọ́ka sí. Ìkìlọ̀ jáde. Ó jẹ́ òótọ́, ó sì bọ́ sákòókò. Kí ni kò jẹ́ kí ó wọlé?

Àwọn kan yóò sọ pé àìmọ̀kan ni. N kò gbà. Ẹni tí ó ń bu omi náà rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ohùn tí ó kìlọ̀ fún un ni ohùn kan náà tí ó ti ń sọ fún un fún ọgbọ̀n ọdún pé omi ìyè ni. Ìkìlọ̀ náà wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìlera, ó bá Ọ̀ṣun sọ̀rọ̀ bí ẹni pé omi lásán ni. Lójú olùfọkànsìn, ẹni tí ó bá sọ pé omi Ọ̀ṣun ń pa ènìyàn ti sọ̀rọ̀ sí òrìṣà. Àwọn mìíràn sì dáhùn pé òrìṣà mọ bí yóò ti wẹ ara rẹ̀ mọ́. Láàárín ọ̀rọ̀ dókítà àti ọ̀rọ̀ olùfọkànsìn, kò sí afárá.

Bẹ́ẹ̀ ni afárá sì ti wà nínú ìtàn ìlú tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ọ̀ṣun sọ fún Lárọ́òyè àti Olútìmẹ́hìn ni pé wọ́n ti ba nǹkan òun jẹ́. Òrìṣà tí ó bínú nítorí ìkòkò aró, báwo ni yóò ti dákẹ́ lórí mẹ́kúrì? Bí ó bá jẹ́ pé Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò ni a fi ọ̀rọ̀ náà sí lẹ́nu, ní ojúbọ, ní èdè Yorùbá, kì bá tí jẹ́ àtakò sí Ọ̀ṣun. Yóò jẹ́ ẹjọ́ tí Ọ̀ṣun ń rò. Mo mọ̀ pé ó rọrùn fún ẹni tí ó wà ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ láti sọ èyí, àti pé àwọn olóòrìṣà náà ní ọdún tí wọ́n ní láti ṣe àti àlejò tí wọ́n ní láti gbà. Owó àlejò wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú tí ó ń retí èrò láti Bùràsíìlì àti Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ kò ní fẹ́ kí ìròyìn tí ó ṣáájú wọn dé ibùdókọ̀ òfúrufú jẹ́ ti òjé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù nípa àwọn tí ìkéde kò bá sọ̀rọ̀ rí. Orí àwòrán ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ fún àwọn àlejò, odò Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà igbó, ó sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìgèdè ní Èkìtì ni odò náà ti ṣẹ̀ wá, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó ń là kọjá kí ó tó dé Òṣogbo, inú ọ̀sà Lẹ́kí ni ó sì ń lọ. Láti ọdún 1950 títí di ìsinsìnyí, nínú gbogbo ìwé ìléwọ́, fíìmù, pátákó àti ìkéde tí mo rí, mi ò rí ọ̀kan tí a kọ sí ẹni tí ń gbé, tí ń dáko tàbí tí ń wa ilẹ̀ lókè odò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń fọ iyanrìn góòlù nínú odò kékeré kan lẹ́yìn Iléṣà lè ti wo *Arugbá*. Ó lè ti rí ọ̀rọ̀ omi ìyè lára ọkọ̀ tí ó gbé e dé ibi iṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé omi tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ.